Bí ẹ ṣe lè wo ìdíje alùpùpù dáadáa, kí ẹ sì rí àwọn olùdíje bá sọ̀rọ̀: ìtọ́sọ́nà fún ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, pàápàá nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ tí ilẹ̀ sì ti gbẹ: “Kí lèèyàn máa ṣe tó fi máa rí olùdíje bá sọ̀rọ̀? Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, ariwo ẹ̀rọ àti eruku nìkan ni mò ń gbé bọ̀ wálé.” Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ lọ lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹ má dúró de ọjọ́ ìdíje nìkan. Kí ẹ sì mọ ìgbà tí olùdíje ráyè yàtọ̀ sí ìgbà tí kò ráyè. Bí ẹ ṣe máa ṣe é ló wà nísàlẹ̀ yìí, àti bí ẹ ṣe máa padà délé láì fara pa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìdíje tí ẹ ń lọ wò

Ibi tí ẹ ti máa rí olùdíje yàtọ̀ láti orí irú ìdíje kan sí òmíràn.

- Ìdíje orí iyẹ̀pẹ̀ (motocross). Pápá olókìtì ni, alùpùpù á máa fò lókè bí ẹyẹ. Èyí ló rọrùn jù fún ẹni tó fẹ́ bá olùdíje sọ̀rọ̀. Abẹ́ àgọ́ ni wọ́n máa ń wà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń fọwọ́ ara wọn fọ alùpùpù wọn lẹ́yìn ìdíje.
- Ìdíje orí ọ̀dà. Irú èyí tí ẹ̀ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, MotoGP (ìdíje alùpùpù orí ọ̀dà tó ga jù lágbàáyé) àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Eré ibẹ̀ kì í ṣe kékeré: Brad Binder, ọmọ South Africa, sáré dé 366.1 kìlómítà ní wákàtí kan ní pápá Mugello lọ́dún 2023. Odi àti àwọ̀n ló máa wà láàárín ẹ̀yin àti wọn, ibùdó àwọn ẹgbẹ́ sì wà fún ẹni tó bá ní káàdì àkànṣe. Ti World Superbike, ìdíje àgbáyé mìíràn lórí ọ̀dà, rọ̀ díẹ̀ ju ti MotoGP lọ. Àwọn olólùfẹ́ máa ń ráyè sún mọ́ àwọn olùdíje níbẹ̀ dáadáa.
- Ìdíje ọ̀nà jíjìn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Africa Eco Race, tí wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí etí Lac Rose nítòsí Dakar. Ọmọ Benin kò nílò físà láti wọ Senegal, nítorí CEDEAO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá dúró síbi ìparí máa rí olùdíje tó ti rẹ̀, tínú rẹ̀ dùn, tí kò sì ní ibòmíì tó ń kánjú lọ.

Èyí tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ìdíje orí iyẹ̀pẹ̀ ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí òun ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín lè tètè tó.

Kí ọjọ́ tó pé

1. Ẹ rí i dájú pé ọjọ́ náà kò tíì yí padà. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lè ti di ti àná. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ tún pè é ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ má san owó ọkọ̀ kankan kí ẹ tó pe ẹ̀ẹ̀kejì.
2. Ẹ béèrè nípa ìdánrawò. Ìbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ wo ni, aago mélòó, ṣé àwọn òǹwòran lè wọlé? Nínú MotoGP, ọjọ́ Ẹtì ni ìdánrawò, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń du ipò ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń sá eré kúkurú tí wọ́n ń pè ní Sprint, èyí tí wọ́n mú wọlé lọ́dún 2023. Ọjọ́ Àìkú ni ìdíje ńlá. Níbi ìdíje kékeré, àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni ìdánrawò lè jẹ́, ọ̀sán ni ìdíje. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó dé ní aago méjìlá ti pàdánù ìdajì ohun tó wá ṣe.
3. Ẹ mọ olùdíje mẹ́ta ṣáájú. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ àti àwọ̀ akoto wọn. Akoto á bo ojú, ẹrẹ̀ á bo aṣọ. Nọ́ńbà ni ẹ máa fi dá wọn mọ̀.
4. Ẹ wá owó ṣẹ́ńjì. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń dákú níbi tí èrò bá pọ̀ sí, owó MoMo tó wà lórí fóònù kò sì ní ràn yín lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹyọ 100, 200 àti bébà 500 fráǹkì ló wúlò.
5. Ẹ ṣètò bí ẹ ṣe máa padà. Ẹ bá awakọ̀ tàbí zémìjàn (ọlọ́kadà) sọ ọ́ láti àárọ̀, kí ẹ fẹnu kò sí iye owó. Lẹ́yìn ìdíje, gbogbo èèyàn ló ń wá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ẹ máa gbé dání

- Káàdì ìdánimọ̀
- Rọ́bà ìdítí. Ti àwọn ọmọdé ṣe pàtàkì ju tàgbà lọ
- Fìlà, àti ìborùn tí ẹ lè fi bo imú nítorí eruku
- Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ (ẹ fi sílípáàsì sílé)
- Omi tó pọ̀, àti oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́. Ẹ jẹ àtàsì (ìrẹsì àti ẹ̀wà) yín kí ẹ tó kúrò nílé; gààrì àti ẹ̀pà ló dára láti gbé lọ
- Bírò máákà méjì, dúdú àti funfun. Bírò lásán kì í kọ sára akoto tàbí fìlà
- Fóònù tó kún fún iná, àti páwà báǹkì bí ẹ bá ní
- Akoto yín fúnra yín, bí ẹ bá máa gun alùpùpù lọ

Ojú ọ̀nà

Láti Kétu, ọ̀nà Pobè àti Sakété ló máa gbé yín dé Àjàṣẹ́. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní láti gba Dassa àti Bohicon kọjá kó tó dé Kútọnu, ìrìnàjò tó lé ní 200 kìlómítà. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lórí alùpùpù. Ẹ wá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ máa sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Parakou kì í sùn lóru, òmíràn sì máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì láìtan iná.

Bó bá jẹ́ Lòmé tàbí Èkó ni ìdíje wà, ẹ gba ẹnubodè tí ìjọba mọ̀. Ẹ mú ìwé ìrìnnà tàbí káàdì CEDEAO yín, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, àti ìwé alùpùpù pẹ̀lú ti ìbánigbófò bó bá jẹ́ tiyín lẹ gùn. Ọ̀nà inú igbó tí aládùúgbò bá júwe fún yín lè yá, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀ kò ní rí ìdíje kankan wò.

Ibi tí ẹ máa dúró sí

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo apá yìí. Alùpùpù tó bá já mọ́ olùdíje lọ́wọ́ kì í dúró síbi tó ṣubú sí. Ó lè dá rìn títí tó máa fi kọlu ohun kan.

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ inú kọ́ọ̀nà, lẹ́yìn okùn tàbí àwọ̀n. Bí alùpùpù bá yọ̀, ẹ̀gbẹ́ òde ló ń lọ. Bí ẹ bá dúró níbi tí wọ́n ti ń jáde nínú kọ́ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn á máa da òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ lù yín, òkúta tó bá ti ibẹ̀ fò lè fọ́ ojú. Ẹ má dúró níwájú ibi tí wọ́n ń balẹ̀ sí lẹ́yìn òkìtì ńlá, bó ti wù kí fọ́tò ibẹ̀ dùn tó.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni kọ́ọ̀nà tí eré ti ń dínkù, tó wà lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀. Ẹ máa rí bí olùdíje ṣe ń na ẹsẹ̀ inú síwájú, tó ń tẹ bíréèkì, tó ń gbé ìgbúnwọ́ sókè. Bí ẹrẹ̀ bá ti bo awò ojú rẹ̀, ẹ máa rí i tó fi ọwọ́ kan já ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dànù lójú awò náà, tí eré kò sì dínkù. Ọ̀rá yẹn pọ̀ léra wọn lórí awò kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ló ń ṣa àwọn tó bọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Ẹ ṣà á, ó dára, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ìdíje bá parí tí wọ́n bá sì ti ṣí pápá.

Ẹ mọ àsíá, nítorí òun ló ń sọ fún yín nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́:

- Òféèfèé (yẹ́lò): ewu ń bẹ níwájú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ẹnì kejì sílẹ̀ níbẹ̀
- Pupa: ìdíje ti dúró
- Búlúù: ẹni tó yára ju olùdíje náà lọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó fún un lọ́nà
- Dúdú: wọ́n ní kí olùdíje kan jáde
- Funfun tó ní àgbélébùú pupa: àwọn olùtọ́jú aláìsàn wà lórí pápá
- Dúdú àti funfun onígun mẹ́rin-mẹ́rin: ó ti parí

Tí ẹ bá rí àsíá pupa tàbí ti àgbélébùú, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ẹ má sáré lọ síbi tí olùdíje ṣubú sí, kódà bó jẹ́ ọmọ àdúgbò yín. Ẹni tó bá gbé e dìde láìmọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lè ba ọrùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹ má sì yọ akoto lórí ẹni tó ṣubú. Bó bá jẹ́ òǹwòran ló fara pa níbi tí kò sí olùtọ́jú, nọ́ńbà àwọn panápaná ní Benin ni 118.

Bí ẹ ṣe máa bá olùdíje sọ̀rọ̀

*Ìgbà tó dára jù*

Lójú tèmi, kò sí wákàtí tó dà bí ti àyẹ̀wò alùpùpù. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ pápá, wọ́n á wo bíréèkì, wọ́n á wo táyà, wọ́n á wo akoto. Olùdíje á to orí ìlà pẹ̀lú alùpùpù lọ́wọ́, kò sí ohun tó ń ṣe ju kó máa dúró lọ. Ẹni tó ń dúró á fẹ́ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánrawò ló tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ti fọ alùpùpù tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín ẹ̀bùn.

*Ìgbà tí kò yẹ*

Bí akoto bá ti wà lórí, ẹ fi í sílẹ̀. Ní Kétu, kò sẹ́ni tó máa fa ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sórí láṣọ pé kó dúró kí àwọn jọ ya fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti olùdíje tó ti dé akoto. Ẹ tún fi í sílẹ̀ nígbà tó bá ń bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, àti nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ dókítà.

*Bí ẹ ṣe máa ṣe é*

1. Ẹ kí mẹkáníìkì ṣáájú. “Ẹ kú iṣẹ́ o” kò wúwo lẹ́nu. Òun ló mọ̀ bóyá ọ̀gá rẹ̀ ráyè tàbí kò ráyè, òun náà ló sì máa sọ fún un pé àwọn kan fẹ́ rí i. Ẹni tó bá fò ó kọjá bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ máa ń pẹ́ níta.
2. Ẹ kí olùdíje bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí. Ṣáájú ìdíje: “Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, a ó rí yín bá o.” Lẹ́yìn rẹ̀: “Ẹ kú ewu.” Ẹni tó gba ipò: “Ẹ kú orí ire.” Ẹni tó ṣubú tàbí tí alùpùpù rẹ̀ bàjẹ́: “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú,” ká má sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ àyàfi bí òun bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé Gun tàbí Faransé ló ń sọ, ẹ fi èdè tirẹ̀ kí i. “Fofo” (ẹ̀gbọ́n) tó ń ti ẹnu ọmọ Àjàṣẹ́ jáde máa ń mú ojú olùdíje Gun rọ̀. Ẹ lo “ẹ” fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ jù ú lọ lọ́jọ́ orí.
3. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. “Kọ́ọ̀nà wo ló nira jù?” “Afẹ́fẹ́ táyà yín ńkọ́, ṣé ẹ dín in kù nítorí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀?” Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń mú kó dúró. “Báwo lẹ ṣe di gbajúmọ̀?” kì í rí ìdáhùn gidi.
4. Ẹ ṣí ìwé, ẹ ṣí bírò, kí ẹ tó nà án sí i. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìdíje: apá láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́ á ti wú, á ti le bí igi, nítorí bó ṣe ń di ọwọ́ ẹ̀rọ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àtẹ́lẹwọ́ lè ti bó. Ìka tó wà báyìí kò lè ṣí ìdérí máákà, àwọn míì kò tilẹ̀ lè fọwọ́ sí ìwé dáadáa. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gbọn ọwọ́ tàbí pé ó ń na ìka, ẹ ní “ẹ sinmi ná, a ó padà wá.” Á rántí yín.
5. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Fóònù kan, kámẹ́rà ti ṣí sílẹ̀, ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n yà. Méjì tó. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí Facebook, ẹ béèrè ìyẹn náà.
6. Ẹ dúpẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Àwọn kan wà lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá mú ọmọdé lọ, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà láàárín àgọ́. Páìpù èéfín máa ń gbóná fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, gíga rẹ̀ sì lè bọ́ sí ojú ọmọ gẹ́lẹ́. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ní àpá rẹ̀ ní ojúgun.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífi ara ti alùpùpù. Alùpùpù motocross kò ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé e dúró lé bíi tiwa. Orí àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé e sí. Bí ẹ bá kàn án, ó lè ṣubú, bíréèkì tó bá sì kán lè mú kí ẹni náà má lè díje.
- Mímu sìgá láàárín àgọ́. Bẹntiróòlù wà káàkiri ibẹ̀. Àwa tí kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) inú ìgò ti wà létí títì wa láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ohun tí iná kékeré lè dá sílẹ̀.
- Títọrọ nọ́ńbà fóònù. Ẹ béèrè ojú ìwé Facebook tàbí Instagram rẹ̀ dípò. Ojú kò ní tì í láti fún yín ní ìyẹn.
- Gígé pápá kọjá. Ibi tí àwọn alábòójútó bá nà sí nìkan lẹ máa gbà, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ gbà á.
- Títọrọ ìbọ̀wọ́ tàbí akoto. Owó ńlá ni wọ́n fi rà á, ọ̀pọ̀ olùdíje wa ló ń fi owó ara wọn ra táyà. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ẹ ra ẹ̀wù ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé omi tútù lọ fún òun àti mẹkáníìkì.
- Fífi ọ̀nà ilé ṣe pápá. Èyí ló ń dùn mí jù. Ìdíje á parí, àwọn ọmọkùnrin á gun alùpùpù wọn, wọ́n á gbé táyà iwájú sókè lójú títì tí àwọn ìyá ń ru ẹrù kọjá. Olùdíje tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọ bàtà tó le, ó wọ ìgbàyà, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin kò ní ìkankan nínú wọn. Ẹ dé akoto, ẹni tó jókòó lẹ́yìn náà pẹ̀lú, kí ẹ sì rọra.

Bí ẹ bá ní ẹbí ní Faransé

Ìdíje MotoGP ti Faransé máa ń wáyé nínú oṣù Karùn-ún ní Le Mans. Lọ́dún 2025, òǹwòran tó lé ní 300,000 ló wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Johann Zarco, ọmọ Faransé, ló sì gba ipò kìn-ín-ní nínú òjò. Èrò yẹn ni kí ẹ rò kí ẹ tó ṣètò ohunkóhun.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ físà Schengen ní kùtùkùtù. Wọ́n ń gbà á láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, 90 yúrò sì ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, bíi 59,000 fráǹkì CFA. Wọn kì í dá owó yẹn padà bí wọn kò bá fún yín.
2. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà kí físà tó jáde.
3. Láti Paris, ọkọ̀ ojú irin tó yára ń kúrò ní ibùdó Montparnasse, bíi wákàtí kan ló máa dé Le Mans. Ọkọ̀ tráàmù wà láti ibẹ̀ lọ sí apá ibi tí pápá wà.
4. Ẹ mú aṣọ òjò àti aṣọ òtútù. Oṣù Karùn-ún ibẹ̀ kì í ṣe oṣù Karùn-ún wa.
5. Ẹ wo ètò tí wọ́n gbé jáde fún ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí wákàtí tí àwọn olùdíje máa jáde wá fọwọ́ sí nǹkan fún àwọn olólùfẹ́. Ẹ dé síbi ìlà náà ní wákàtí kan ṣáájú, ó kéré tán.

Bí owó tàbí àyè kò bá sí

Ẹ lè lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù olùdíje ṣe. Ó máa ń wà ní ìlú ńlá, àwọn zémìjàn á sì mọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní àárọ̀, ẹ má lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje.

Èyí tó dára jù, tí kì í sì í wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, ni pé kí ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìdíje pé ẹ fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n máa ń wá ẹni tó máa ta okùn, tó máa darí èrò, tó máa di àsíá mú. Ẹ lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín lọ, ẹ sọ àwọn èdè tí ẹ gbọ́: Yorùbá, Gun àti Faransé pọ̀ jẹ́ àǹfààní ńlá níbi tí èrò ti wá láti ibi gbogbo. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa kọ́ yín ní iṣẹ́ àsíá kí ọjọ́ tó pé. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ mú iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà tàbí ti àyẹ̀wò alùpùpù, ẹ má gba àsíá tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ yín ní lílò rẹ̀.